Bíbélì Inú Ẹrù Ìyàwó: Ohun Tí Ìgbéyàwó Ṣọ́ọ̀ṣì Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ọkọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òmù-Àrán lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n ti ta kánópì sójúde, ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, alága ìjókòó ti gba owó rẹ̀. Ẹrù ìyàwó wà nílẹ̀ rẹrẹ: orógbó, obì, atare, oyin, iyọ̀, iṣu, àpótí aṣọ. Alága wá ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà kọjá lára báàgì, ó kọjá lára aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Bíbélì. Wọ́n ti fi rìbọ́ọ̀nù pupa so òrùka mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwọn ìyá ìjọ bú sórin. Tó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí ni, ní Ìlọrin lọ́hùn-ún, Kùránì ni yóò gbé, àwọn àlùfáà yóò sì so yìgì.

Bíbélì tí ọmọ yìí gbé lójú gbogbo ayé, kí ló sọ nípa ìgbéyàwó? Kí ló sì sọ fún ọkùnrin tó rà á wá? Ohun tó mú mi ṣe fídíò yìí nìyẹn, nítorí láti kékeré ni mo ti ń rí i pé ọkọ àti ìyàwó la jọ ń ka ẹ̀jẹ́ náà fún, ṣùgbọ́n orí obìnrin nìkan la máa ń gbé ẹrù rẹ̀ lé.

Ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò lọ́nà. Bí wọ́n bá so yín pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tí ẹ sì fọwọ́ síwèé, kì í ṣe ayẹyẹ lásán lẹ ṣe. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀, kó jẹ́ láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì sì wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ti ṣe é kò tún lè gbé ìyàwó mìíràn nílànà ìbílẹ̀. Bó bá gbé e, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Èmi ò tíì gbọ́ rí pé wọ́n mú ọkùnrin kan lágbègbè wa nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé, ó sì yẹ kí ọkọ tó ń mú bírò lọ́wọ́ mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì ọ̀hún. Nínú Mátíù orí 19, àwọn Farisí bi Jésù bóyá ọkùnrin lè kọ aya rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdí gbogbo. Kò dá wọn lóhùn tààrà. Ó dá wọn padà sí Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí ọkùnrin ti fi bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí òun àti aya rẹ̀ di ara kan. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí wọ́n ní kó fi ilé sílẹ̀: ọkùnrin ni. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ń ṣí lọ, ọkọ kì í sì í kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyẹn kékeré. Ẹ lọ sí Kọ́ríńtì Kìíní orí 7, ẹsẹ 4. Pọ́ọ̀lù ní aya kò láṣẹ lórí ara rẹ̀, ọkọ ló láṣẹ. A ti gbọ́ ìyẹn títí, a ti há a sórí. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e la kì í wàásù lé lórí: bákan náà ni ọkọ kò láṣẹ lórí ara tirẹ̀, aya ló láṣẹ. Lábẹ́ òfin Róòmù ayé ìgbà yẹn, ọkùnrin tó níyàwó, tó lọ bá ẹrúbìnrin tàbí aṣẹ́wó, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan lójú òfin. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìyàwó ẹlòmíràn ni wọ́n tó ń pè é ní panṣágà. Inú ayé bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé pé ara ọkọ, ti aya ni.

Àwa náà ní tiwa kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí ìbálé. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí ibùsùn. Bí wọ́n bá bá ìyàwó nílé, ìṣáná páálí kíkún tàbí agbè ẹmu kíkún ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sáwọn òbí rẹ̀. Bí wọn ò bá bá a nílé, páálí òfìfo tàbí agbè àbọ̀ ló ń lọ, ojú ti ìyá dé ọjọ́ ikú nìyẹn. Kò sí ẹni tó bi ọkọ pé ibo ló ti ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí. Bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní kí ìyàwó lọ ṣe àyẹ̀wò oyún, kó mú èsì wá fún ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Bí oyún bá wà, aṣọ funfun di èèwọ̀, wọ́n lè má so wọ́n pọ̀ níwájú pẹpẹ mọ́. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbàdúrà fún nínú ọ́fíìsì pásítọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, pẹ̀lú àǹkárá lọ́rùn, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín káàdì ìpè. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e. Mi ò sọ pé kí ìjọ má kọ́ni pé kí ọkùnrin àti obìnrin má bá ara wọn sùn kí wọ́n tó gbéra wọn níyàwó. Ẹ̀kọ́ ìjọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n oyún ò lè dá wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ la ń wá, àyẹ̀wò tó lè rí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjì tó dá a kì í ṣe ti Pọ́ọ̀lù, ìbálé la tún gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin yóò fẹ́ béèrè nípa Kristẹni tó fẹ́ fẹ́ Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so wọ́n pọ̀. Ìjọ Àgùdà lè so wọ́n bí bíṣọ́ọ̀bù bá yọ̀ǹda. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ọkùnrin wọn lè fẹ́ obìnrin Kristẹni, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọmọbìnrin wọn fún ọkùnrin Kristẹni. Ẹ lọ bá àwọn òbí àti àwọn àlùfáà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí o.

Ti ìkọ̀sílẹ̀ ńkọ́? Àwọn Àgùdà kò gbà á rárá, àwọn ìjọ yòókù gbà á fún ìdí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin arábìnrin tí ọkọ ń lù, ẹ gbọ́ mi dáadáa: òfin ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀, nọ́ńbà 1153, sọ pé ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá fi ara tàbí ọkàn rẹ̀ sínú ewu ńlá lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìjọ tó le tó bẹ́ẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní kẹ́ ẹ padà lọ fàdúrà gba lílù, ibo ló ti rí i kà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun èèyàn wọra jù nílẹ̀ wa ni ti ọmọ. Nígbà táwọn míṣánnárì dé, wọ́n ní ọkùnrin oníyàwó méjì kò lè ṣèrìbọmi. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkàn tí wọ́n ń pè ní Lambeth fọwọ́ sí i lọ́dún 1888, wọ́n ní àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì lè ṣe é nígbà mìíràn. Ó wà lára ohun tó bí wọn nínú ní Èkó tí àwọn kan fi yà kúrò lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, United Native African Church lọ́dún 1891, African Church lọ́dún 1901. Ọdún 1988 ni Lambeth tó gbà pé kí oníyàwó púpọ̀ tó gba Jésù ṣèrìbọmi pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ti lè ṣèlérí pé òun ò ní fẹ́ mìíràn kún un. Gbogbo ìyẹn, orí ẹni tó ti kó ìyàwó jọ kó tó gbàgbọ́ ló dá lé. Ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ, tí kò wá rọ́mọ bí ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn, ní abúlé kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà láìbímọ. Òun tó jẹ́ ìyàwó ṣàyẹ̀wò, ó mu àgbo, ó gbààwẹ̀, ó lọ sórí òkè. Àwọn dókítà sọ pé nínú bí ìdajì àwọn tó ń wá ọmọ, ọ̀ràn náà kan ara ọkùnrin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní kí ọkọ rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò. Àwọn ẹbí mú ọmọbìnrin kékeré kan wá fún ọkọ náà. Ìjọ wọn ní kó má jẹ oúnjẹ Olúwa mọ́, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì fi í ṣe alága ìkórè. Mo rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó dá dìde lọ síbi pẹpẹ, gèlè funfun lórí rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ jókòó tó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọdún mẹ́rin kọjá, ìyàwó kékeré náà ò lóyún. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó sọ pé ká yẹ ọkùnrin wò.

Kò lọ. Ó ní ojú ń ti òun.

Lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ náà, wọ́n to àga kan ṣoṣo síwájú fún opó, nítorí ẹni tí ìjọ so pọ̀ mọ́ ọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìyàwó kékeré dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn, ó wọ dúdú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Ó dìde, ó gbé àga mìíràn láàárín àwọn akọrin, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i pé kó máa bọ̀.