NGO ọmọ háískúù

BÍSÍ: Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níṣẹ́ alẹ́. Kúnlé, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?

KÚNLÉ: Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá ẹ̀rín o. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Maryland l'Amẹ́ríkà, ọmọ ẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì ńlá, ló bá ní kí n bá òun wá ẹni tó máa bá ọmọ forúkọ NGO sílẹ̀, pé tó bá di Disẹ́ńbà wọ́n á lọ Ìkòròdú, wọ́n á pín báàgì, wọ́n á ya fọ́tò. Ọmọ tí ò dé Nàìjíríà rí!

BÍSÍ: Hàbà. Ṣé wákàtí 75 iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ilé ìwé ìjọba ń béèrè ní Maryland kí wọ́n tó gboyè jáde ni ò tó?

KÚNLÉ: Gbogbo wọn náà ló ń ṣèyẹn, Àǹtí. Èyí tó yàtọ̀ lobìnrin yẹn ń wá.

BÍSÍ: Ó dáa, jẹ́ ká wo Common App, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì níbí. Àyè 10 ló wà fún gbogbo nǹkan tọ́mọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé, àpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, àti àlàfo àti kọ́mà ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Wọ́n á wá bi í pé wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó lọ́dún. Ẹni tó pín báàgì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ kọ?

KÚNLÉ: Á parọ́ ni.

BÍSÍ: Ìwọ náà rántí Rick Singer lọ́dún 2019, ọkùnrin tó ń fi màgòmágó bá ọmọ olówó wọ yunifásítì. Ẹgbẹ́ àánú ló pè é, Key Worldwide Foundation, àwọn olówó ń gbabẹ̀ san rìbá bí ẹni ń ta ọrẹ, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 2023. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ọmọbìnrin kan mú fọ́ọ̀mù ẹ̀ wá kí n bá òun wò ó, àyè méje ló ṣófo. Ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní nọ́ọ̀sìn họ́ọ̀mù, òun ló ń gún ìyá àgbà lábẹ́rẹ́ ṣúgà, òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń bá àbúrò ṣe họ́mùwọ̀ọ̀kì, láràárọ̀ lálaalẹ́! Mo ní èyí ńkọ́? Ìyá ẹ̀ dáhùn láti kíṣìnnì pé ìyẹn kì í ṣe nǹkankan, iṣẹ́ ilé ni.

KÚNLÉ: Ẹ̀yin ìyá yìí ṣá.

BÍSÍ: Bẹ́ẹ̀ ó wà nínú fọ́ọ̀mù, Family Responsibilities, ìyẹn ojúṣe nínú ẹbí, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà. Láti 2016 ni àwọn kan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Harvard ti gbé ìwé Turning the Tide jáde, tí wọ́n ní kí yunifásítì máa ka ìtọ́jú ẹbí kún iṣẹ́ gidi.

KÚNLÉ: Kí n wá sọ kí ni fún ìyá NGO?

BÍSÍ: Kí lọmọ náà ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé?

KÚNLÉ: Sátidé kẹ̀? Òun ló ń to maíkì àti spíkà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ń ṣe é tipẹ́, tí ò bá wá, kò sẹ́ni tó ń gbóhùn pásítọ̀.

BÍSÍ: Kúnlé! Kó lọ kọ ìyẹn.

KÚNLÉ: Ìyá ẹ̀ máa ní mo fẹ́ ba tọmọ òun jẹ́ o.

BÍSÍ: Fún un ní nọ́ńbà mi.