Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Bí A Ṣe Rí Níwájú Ni Kí A Rí Lẹ́yìn

Asalaamu alaekun wa rahmatullahi wa barakaatuhu. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tún fi Jímọ̀ mìíràn ṣe wá lóore. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ ń gbé ní Àbújá níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí Bukhari, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kó hádíìsì (ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànọ́bì) jọ, gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Umar, sàábé tí ó bá Ànọ́bì gbé ayé, tí ó dà bí ẹni pé ìlú yìí gan-an ni ó ń bá wí. Àwọn kan wá bá a, wọ́n ní àwọn a máa wọlé tọ àwọn aláṣẹ àwọn, àwọn a sì máa sọ fún wọn ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ń sọ nígbà tí àwọn bá jáde. Abdullahi kò fi epo bọ iyọ̀ fún wọn rárá. Ó ní ìwà àgàbàgebè ni àwọn sàábé máa ń ka èyí sí. Ẹni tí ó bá ti fi fáìlì há abíyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá rí ní Sẹkitéríàtì yóò mọ ohun tí à ń sọ: ẹ̀rín tí a rín nínú ọ́fíìsì kì í tíì kúrò lẹ́nu tán tí èébú fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà ti jẹ̀bi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àbúrò mi kan lọ ra àlùbọ́sà ní ọjà Wuse, lọ́wọ́ ọkùnrin Hausa kan tí mo ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ fún bí ọdún méjì. Mo kí i ní "Sannu, Mallam, ina wuni," mo rẹ́rìn-ín sí i, mo sì béèrè àlàáfíà ilé. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni mo yíjú sí àbúrò mi, tí mo fi Yorùbá sọ fún un pé kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀ o, olè ni gbogbo wọn. Ọkùnrin náà ń ka àlùbọ́sà sínú ọ̀rá lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò gbójú sókè tí ó fi sọ ọ́ ní Yorùbá Ìbàdàn tí ó já gaara pé, "Alájì, Sábó ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́." Ó ń ka ọjà rẹ̀ lọ, ó sì fi ẹyọ méjì ṣe èènì lé e.

Láti 1916 ni àwọn Hausa ti tẹ̀dó sí Sábó ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tiwa náà ti pẹ́ ní Kano àti Kaduna, nítorí náà kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu pé ó gbọ́ èdè wa. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ tí ó gbọ́ kọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ gbọ́, Ẹni tí ó dá èdè méjèèjì gbọ́. Ànọ́bì sọ, nínú hádíìsì Abu Hurayrah tí Bukhari àti Muslim, akójọ hádíìsì bíi tirẹ̀, gbà wá, pé nínú àwọn ènìyàn tí ó burú jù ni olójú méjì, tí ó ń gbé ojú kan tọ àwọn wọ̀nyí, tí ó sì ń gbé òmíràn tọ àwọn wọ̀nyẹn. Ojú méjì tèmi kò gba ìṣẹ́jú kan láàrin ara wọn.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣebí àwọn àgbà sọ pé ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe? Òótọ́ ni. Kí a gbọ́ Hausa, kí a bá aládùúgbò wa jókòó sórí ẹní ní Nyanya tàbí Kubwa, kí a bá a jẹ tuwo, kò sí àgàbàgebè níbẹ̀. Ọ̀yàyà pàápàá kò burú. Àìṣá, ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo, sọ fún wa pé Ànọ́bì tújú ká sí ọkùnrin kan tí ó mọ̀ pé ènìyàn burúkú ni, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́; ṣùgbọ́n kò yìn ín, kò sì pe ìwà rẹ̀ ní rere. Ọlọ́hun sọ ní Súúrà Al-Hujurat, ẹsẹ 13, pé Òun ṣe wá ní orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà kí a lè mọ ara wa. Ẹni tí ó bá ń fi ara rẹ̀ pamọ́, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Salman tí ó jẹ́ ará Páṣíà, Suhayb tí wọ́n ń pè ní ará Róòmù, Bilal ọmọ Hábáṣà, sàábé ni gbogbo wọn, orísun wọn kò fara sin fún ẹnikẹ́ni ní Mẹ̀dínà, Ànọ́bì kò sì ní kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti ìrun. Bí ọ̀gá níbi iṣẹ́ bá jẹ́ Mùsùlùmí, òṣìṣẹ́ kan bíi Malam Idris ti ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó pe ìrun. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá mìíràn wá tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ó di Ìdòwú, àìlà àti àlàásárì sì di ohun tí à ń kó délé. Orúkọ méjèèjì ni tirẹ̀, a kò lè bá a wí lórí ìyẹn. Ìrun ta ni ó ń kí? Súúrà An-Nisa, ẹsẹ 142, sọ nípa àwọn tí ń fi ọ̀lẹ dìde sí ìrun nítorí kí ènìyàn lè rí wọn. Ẹsẹ 108 sì sọ nípa àwọn tí ń fara pamọ́ fún ènìyàn, tí wọn kò sì lè fara pamọ́ fún Ọlọ́hun, nígbà tí Ó wà pẹ̀lú wọn. Bákan náà ni ẹni tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ Kristẹni jẹun, tí ó sì ń pè é ní kèfèrí bí ó bá dé ẹgbẹ́ àsàláátù.

Mo padà lọ bá ọlọ́jà náà. Mo tọrọ àforíjì ní Yorùbá, nítorí pé Yorùbá ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti yọ̀ọ̀da rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá béèrè orúkọ mi, nítorí pé láti ọdún méjì yẹn, "Alájì" nìkan ni ó mọ̀ mí sí. Mo sọ ọ́ fún un, mo fi ti bàbá mi àti ti ìlú mi kún un, òun náà sì sọ tirẹ̀ fún mi.