Ta Ni Hobson, Kí Ni Gáà Ṣe? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Tó Ń Sọ Ibi Tí Òwe àti Àkànlò Èdè Ti Wá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo kọ sílẹ̀ yìí torí àwọn tí ò ráyè wá, mo kàn tún un tò díẹ̀ ni, ẹ máa kà á bí ẹni tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní Cambridge nílẹ̀ England, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Thomas Hobson. 1544 ni wọ́n bí i, 1631 ló kú. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa kó lẹ́tà àti ẹrù láti Cambridge lọ sí London, ó sì tún máa ń fi ẹṣin háyà fáwọn ọmọ yunifásítì. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ́ ni wọ́n, ẹṣin tó mọ eré sá jù ni gbogbo wọn ń fẹ́, wọ́n á gùn ún títí á fi fẹ́ẹ̀ dákú, àwọn ẹṣin tó kù á wà nílé tí wọ́n ń jẹ koríko lásán. Ni Hobson bá ṣòfin: ẹṣin tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lo máa gbà, tó ò bá fẹ́ ẹ, máa fẹsẹ̀ rìn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé á lọ sẹ́yìn lọ sinmi, èyí tó ti sinmi á bọ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa gbà á fún ara wọn. Títí dòní, tí wọ́n bá ní kí òyìnbó mú èyí tó wù ú àmọ́ tó jẹ́ ẹyọ kan péré ló wà nílẹ̀, á ní Hobson's choice nìyẹn.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́? Milton, akéwì ńlá yẹn, kọ ewì nípa Hobson nígbà tó kú, gbólóhùn yẹn fúnra ẹ̀ ti wà nínú ìwé ní 1660, nígbà tó sì di 1712 ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní The Spectator ro ìtàn ẹṣin náà látòkèdélẹ̀. Èèyàn wà, ìlú wà, ọjọ́ wà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú fún mi, orí wọn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka irú ìtàn báyìí ni Brewer's Dictionary of Phrase and Fable. 1870 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ti tún un tẹ̀ àìmọye ìgbà. Ẹni tó kọ ọ́, Ebenezer Cobham Brewer, Norwich ni wọ́n ti bí i ní 1810, ó ka lọ́ọ̀ ní Cambridge, ó di àlùfáà, ó tún ṣe tíṣà. Ó ti kọ́kọ́ kọ ìwé sáyẹ́ǹsì kan tó jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn nípa àwọn nǹkan tá à ń rí lójoojúmọ́, ìwé yẹn tà gan-an, àwọn tó kà á wá ń kọ lẹ́tà sí i, wọ́n ń bi í léèrè oríṣiríṣi. Lẹ́tà yẹn, pẹ̀lú àwọn nǹkan tó ti ń kọ sílẹ̀ láti kékeré, ló di ìwé ńlá yìí. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn pé àwọn tó ń béèrè ló bí ìwé yìí, kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe yunifásítì kankan.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀ sọ bí yàrá tí bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ogbó ṣe rí, ní Edwinstowe nílẹ̀ England, nílé ọkọ ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà níbẹ̀. Pépà funfun lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, bàbá á fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tó bá ti sọ sí i lọ́kàn sára ògiri yẹn, á tún kọ orúkọ àlejò pàtàkì tó bá wá kí i àti ọjọ́ tó wá. Ó ní àpótí kan tó pín sí ojú-ojú, A títí dé Z, inú ẹ̀ ló ń ju àwọn bébà pélébé ẹ̀ sí, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ wọ ààjìn. Èmi fẹ́ràn ògiri yẹn ju ìwé náà fúnra ẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá ń kọ ọjọ́ sára ògiri, ẹni tó mọ̀ pé ẹnu ò ṣe é fi ṣe àpò ni.

Ó máa ń méfò nígbà míì o, ó ṣì í níbi tó pọ̀, àwọn tó ń bójú tó ìwé náà lẹ́yìn ẹ̀ sì tún un ṣe. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹran. Apá kan wà lára màlúù, lókè ìbàdí, tí wọ́n ń pè ní sirloin. Ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ ni pé ọba kan jẹ ẹran yìí níbi àsè, ó dùn mọ́ ọn débi pé ó yọ idà ó fi kan ẹran lórí, ó ní látòní lọ wọn ò gbọdọ̀ pè é láìfi oyè Sir kún un. Ọba wo? Àwọn kan ní Henry Kẹjọ ni, àwọn kan ní James Kìíní ni, nígbà tó lọ sí Hoghton Tower ní 1617, àwọn míì tún ní Charles Kejì ni. Ọba mẹ́ta lórí ẹran kan! Nínú ẹ̀dà tó tún ṣe nígbà ogbó, Brewer sọ ìtàn Henry àti ti James, kò fi dùn wá, àmọ́ kó tó sọ ọ́ ó ti ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé lọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì tọ́ka sí àkọsílẹ̀ kan láyé Ọbabìnrin Elizabeth, 1573, tí orúkọ ẹran náà ti wà níbẹ̀. Ní 1573 James ṣì jẹ́ ọmọdé ní Scotland, wọn ò tíì bí Charles rárá. Ìtàn rèé, ọjọ́ rèé, ìwọ tó ń kà á fúnra ẹ á rí èyí tó dúró.

Ká wá sílé. Ọdún 1897 tí Brewer kú, ọdún yẹn náà ni Samuel Johnson, tóun náà jẹ́ àlùfáà, ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ. Ìwé yẹn sọnù mọ́ àwọn tó fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nílùú òyìnbó, Johnson kú ní 1901 kò fojú kàn án, àbúrò ẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ló tún un kọ látinú àwọn bébà tó fi sílẹ̀, ó jáde ní 1921. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n fún ogun àti ọba, àmọ́ ẹ lọ wo iye òwe àti àkànlò èdè tó sọ ìdí ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ mú ti Gáà. Baṣọ̀run ni, òun ló ń fi Aláàfin jẹ, òun náà ló ń lé wọn sọ́run, àwọn ọmọ ẹ̀ sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìgbà kan ó ń wá àgbọ̀nrín tó fẹ́ fi ṣoògùn, kò rí, ló bá ní ṣebí ọmọ Aláàfin Abíọ́dún kan ń jẹ́ Agbọ̀nyín, ni wọ́n bá mú ọmọ yẹn fi rọ́pò ẹran náà. Inú èèyàn máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. Abíọ́dún dákẹ́, ó ń forí balẹ̀ fún un láràárọ̀, àṣé ó ti ń bá Ọ̀yàbí, Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́, sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1774 wọ́n dìde sí Gáà àti gbogbo ará ilé ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ikú ẹlẹ́sín ni wọ́n fi pa á. Àtìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń sọ pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́. Johnson tún sọ ti Abíọ́dún fúnra ẹ̀ tó jẹ́ pé láyé ẹ̀ ni wọ́n fi igbá wọn owó, láyé Awólẹ̀ tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n di àdìkálẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n di ẹrù láti sá lọ, ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ò sì ju pé ayé ti ń bàjẹ́ fún Ọ̀yọ́ nígbà yẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lónìí, orí WhatsApp àti Facebook la ti ń kọ́ ìdí òwe. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé "ṣẹ́ ẹ mọ ìdí tí Yorùbá fi ń sọ pé báyìí báyìí?", ìtàn náà á dùn bí oyin, ọdẹ kan, ìyàwó ẹ̀, ajá ẹ̀, kò ní sórúkọ ìlú, kò ní sórúkọ ọba, kò ní sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ọ́, a ó sì máa pín in. Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ kò sóhun tá a lè fi dá òótọ́ mọ̀ láàárín wọn, ọmọ tó bá kà á lónìí á gbé e lọ bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ tiẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ a ní ohun tá a lè fi wò ó. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther gbé jáde ní 1852 kún fún òwe, Bowen ará Amẹ́ríkà náà kó òwe sínú tiẹ̀ ní 1858, Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Tẹ́nì kan bá ní ogun Kírìjì ló bí òwe kan, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tá a wá ṣí Crowther tá a bá òwe yẹn níbẹ̀, a ti mọ̀ pé ó dàgbà ju ogun lọ. Tá ò bá bá a níbẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò fi hàn pé kò tíì sí, Crowther ò lè gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ̀rí tiwa ò sì mọ sórí ìwé, òwe tó jẹ́ pé inú ẹsẹ Ifá lọ́rọ̀ ẹ̀ wà, kéèyàn kọ orúkọ odù náà sílẹ̀, kó kọ babaláwo tó kì í àti ìlú ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń kì í níbì kan lè yàtọ̀ sí ibòmíì.

Ìwé tí mo ń fẹ́ fún Yorùbá ò le rárá. Tẹ́ ẹ bá ṣí i sábẹ́ Gáà, kẹ́ ẹ bá òwe náà bí wọ́n ṣe ń pa á, kẹ́ ẹ bá ìtàn ẹ̀, kẹ́ ẹ bá 1774, kẹ́ ẹ bá ibi tí Johnson ti sọ ọ́, kó tún wà níbẹ̀ pé ní ìlú báyìí wọ́n ń sọ ọ́ lọ́nà míì. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngán lọ́jọ́ yẹn ti ń sọ tiwọn fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, òwe tí ìyá tàbí bàbá yín sọ ìdí ẹ̀ fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ kọ ìlú tí wọ́n ti wá àti ọdún tẹ́ ẹ rò pé ẹ gbọ́ ọ, ká lè ríbi bẹ̀rẹ̀.