Ìwé Aláwọ̀ Ọsàn Yẹn, Kí Ló Mú Un Tà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ kú ìrìn o. Ọ̀rọ̀ African Writers Series, ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, ni tòní. Heinemann, ilé ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1962. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí Things Fall Apart, ìwé Chinua Achebe, kọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958, ẹ̀dà 2,000 péré ni wọ́n tẹ̀, ẹlẹ́yìn líle. 2,000! Ìwé tó ti tà ju mílíọ̀nù 10 lọ!

Ṣé ìtàn inú ẹ̀ ló yí padà ni? Rárá o. Wọ́n tún un tẹ̀ ní ẹlẹ́yìn rírọ̀, owó ẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fi ṣe nọ́ńbà 1 nínú ọ̀wọ́ náà, ìtàn àròsọ tó tẹ̀ lé e náà wọ àwọ̀ ọsàn. Ẹni tó bá parí nọ́ńbà 1 á máa wá nọ́ńbà 7, ìwé Ngũgĩ ará Kẹ́ńyà, tó jáde ní 1964. Àwọn tó ń ta ìwé sáyẹ́ǹsì Heinemann fún ilé ẹ̀kọ́ ló ń ta àwọn ìwé yìí náà. WAEC wá yàn lára wọn fún ìdánwò, ó parí!

Ẹnì kan á ní, "Ṣé àwọn ìwé yẹn ò dùn ni?" Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwé ewì Okigbo náà dùn. Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, tẹ Heavensgate ẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1962 kan náà, àmọ́ Mbari ò ní ẹni tó ń gbé ìwé kiri ilé ẹ̀kọ́. Òmíràn á ní, "Túlààsì ilé ẹ̀kọ́ ni jàre." Ẹ dákẹ́ ná! Túlààsì lè gbé ìwé dé ọwọ́ ọmọ, kò lè mú un ṣí ojú ewé kejì. Mélòó lẹ rántí nínú ìwé ìdánwò yín? Ilé ẹ̀kọ́ ni Fagunwa náà gbà kọjá láti 1938, síbẹ̀ ẹni tí ò jókòó ìdánwò rí mọ Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìwé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n 1982... ibẹ̀ ló ń dùn mí. Owó epo já wálẹ̀, Nàìjíríà, ọjà Heinemann tó tóbi jù, sé owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́lẹ̀. Oníwèé tó ní náírà lọ́wọ́ ò rí pọ́n-ùn fi san gbèsè tó jẹ Heinemann. Ìwé ò bàjẹ́. Òǹkàwé ò sá. Àtẹ ló ṣófo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ọ̀wọ́ ìwé tiyín jáde, ẹ gbọ́: bí nọ́ńbà 1 bá tán lọ́jà, ẹ má tíì tẹ nọ́ńbà 4. Ẹ tún 1 tẹ̀ ná, torí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín. Ẹ má sì pààrọ̀ ẹ̀yìn ìwé lójijì ní nọ́ńbà 3. Ẹni tó ní méjì nílé ò ní dá a mọ̀ lórí àtẹ.