Àdéhùn Òṣogbo pẹ̀lú Odò Ọ̀ṣun

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tẹ̀ ń wò wá. Inú igbó Ọ̀ṣun ni mo wà yìí, ní Òṣogbo. Ẹ tẹ́tí díẹ̀. Ariwo ọ̀kadà ti kú sẹ́yìn wa. Àwọn ọ̀bọ ló ń fo igi lókè yẹn.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló sọ igbó di ohun ọ̀wọ̀. Èsì mi ni pé àdéhùn ni. Ìtàn sọ pé ọ̀dá omi ló lé Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, tí wọ́n fi tẹ̀dó sí etí odò yìí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó lu omi. Ohùn kan bá ké jáde: "Ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!" Oṣó igbó yẹn ló di Òṣogbo. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló máa ń dùn mọ́ mi jù: wọn ò bá odò jiyàn. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n ṣí sókè, wọ́n fi etí omi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ọ̀ṣun náà ní òun á máa dáàbò bò wọ́n. Láróòyè, ọba wọn, na ọwọ́ sódò, ẹja bọ́ sí i lọ́wọ́: Atẹ́wọ́gbẹja, oyè ọba Òṣogbo tí à ń pè ní Àtáója títí dòní.

Nítorí àdéhùn yẹn, nínú igbó hẹ́kítà 75 yìí, a kì í gé igi, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja. Nígbà tó fi di nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, àdéhùn ti ń já: wọ́n ń gégi, wọ́n ń dọdẹ níbẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóríṣà, bá wọn jà sí i. Òun àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú, bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, fi sìmẹ́ǹtì mọ ère ńláńlá káàkiri igbó, kí ojú lè máa ti ẹni tó gbé àáké wá. Òṣogbo náà ló kú sí lọ́dún 2009. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005.

Àmọ́ odò kì í ṣe igbó. A lè ṣọ́ igbó. Omi ń ti ibòmíràn bọ̀. Lókè odò, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òfin wa ò dé ibẹ̀. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló ń ṣàn wá bá wa. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí àwọn tó wá má mu omi náà. Omi tí Arugbá ń ru igbá lọ bá lóṣù Ògọ́ọ̀sì! Omi tí àwọn àgàn ń bù mu! Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dé ọkàn.

Lówùúrọ̀ yìí, mo bu díẹ̀ sínú ike. Ẹ wò ó: àwọ̀ tíì onímílíìkì. Mo gbé e kalẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi rọ̀ sísàlẹ̀, ó nípọn tó ìka ọwọ́ mi. Ìyá aláṣọ funfun kan rí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, dà á padà. Yèyé ló ni ín."

Mo kúnlẹ̀, mo dà á padà.