Wáàsí Jímọ̀: "Ṣebí Owó Mi Ni Mo Fi Ra Iná"

Asalaamu alaykum warahmatullaahi wabarakaatuh ẹ̀yin ará mi, a kú Jímọ̀ o, Ọlọ́hun á gba ìjọ́sìn wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Òru Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹta tí ooru Abuja kì í jẹ́ kéèyàn sùn, NẸ́PÀ mú iná wá, mo bá sáré tan pọ́ǹpù kí omi lè kún táǹkì kí wọ́n tó tún mú iná wọn lọ. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló di oorun. Ìgbà tí mo máa gbọ́ gbà gbà gbà lẹ́nu géètì, ọmọ Hausa tó ń ti omi tà ládùúgbò wa níbí ní Kubwa ni, mai ruwa tí gbogbo wa mọ̀, ó ti jáde kó lè ráàyè níbi tí wọ́n ti ń pọnmi kí àsùbáà tó wọlé. Ó ní, "Alhaji, ruwanka yana zuba fa," ìyẹn ni pé omi yín mà ń dànù o. Mo jáde síta, omi ti ń ya látorí táǹkì, ó ti gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, ó ti wọ gọ́tà, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ náà dúró ti ọmọlanke ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjìlá ló wà lórí ẹ̀, mo kà wọ́n, torí mi ò lè gbójú sókè wò ó. Kò bú mi o. Ó kàn wo omi yẹn, ó wo kẹ́ẹ̀gì ẹ̀, ó ní "sai an jima," ìyẹn ni pé ó dàbọ̀, ó ti ọmọlanke ẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń sáré lọ pa pọ́ǹpù: ṣebí owó mi ni mo fi ra iná tó fa omi yẹn, kí ló wá kan ẹnikẹ́ni? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù Al-A'raaf, aaya 31, pé ká jẹ, ká mu, ká má ṣe yàpà, torí Òun ò nífẹ̀ẹ́ àwọn àpà. Nínú Súrátù Al-Israa, aaya 27, ó wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́hun pe àwọn onínàákúnàá ní ọmọ ìyá èṣù. Ẹ gbọ́ o, ọmọ ìyá! Kò pè wọ́n ní ọ̀rẹ́ èṣù, kò pè wọ́n ní aládùúgbò ẹ̀. Kò sì yọ ẹni tó bá lówó sílẹ̀. Àbí ta ló tiẹ̀ ń yàpà bí kò ṣe ẹni tó ní? Ẹni tí ò ní, kí ló fẹ́ fi yàpà?

Àdíìsì kan wà tá a sábà máa ń gbọ́ lórí mímbárì, pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lára Sa'd, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà ẹ̀, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ó ní ìnákúnàá wo rèé? Sa'd béèrè pé ṣé ìnákúnàá tún wà nínú àlùwàlá ni, Ànábì ní bẹ́ẹ̀ ni, kódà bó o bá wà létí odò tó ń ṣàn. Ibn Majah, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàkójọ àdíìsì, ló gbà á wá, àwọn onímọ̀ sì ní ìṣòro wà nínú àwọn tó gbà á wá, kí n má fi pa mọ́ fún yín. Àmọ́ èyí tí Bukhari àti Muslim, àwọn náà ṣàkójọ àdíìsì, jọ gbà wá látọ̀dọ̀ sàhábà tó ń jẹ́ Anas ò ní àríyànjiyàn kankan nínú, pé omi òṣùwọ̀n mudd kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì máa ń fi saa'u kan, ìyẹn mudd mẹ́rin, dé mudd márùn-ún wẹ̀ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn. Mudd yìí, ẹ má jẹ́ kó fò yín lórí, àwọn tó ṣírò ẹ̀ ní ó wà láàárín 60cl sí 75cl. Pió wọ́tà kan jẹ́ 50cl. Pió wọ́tà kan àtààbọ̀ nìyẹn, àlùwàlá Ànábì sì ti parí.

Mo dán an wò. Mo da pió wọ́tà kan àtààbọ̀ sínú búta, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀. Ó tó. Ó kárí ẹsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú gìgísẹ̀, ó tiẹ̀ ku èyí tó ń ró nísàlẹ̀ búta. Nǹkan tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé mi ò lè máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é ní mọ́ṣáláṣí, ará kan á ti ṣí táàpù, ìgbà yẹn ni á tó máa ká ọwọ́ jalabíà, á bọ́ aago ọwọ́, á kí Alhaji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á béèrè ara ilé, wọ́n á kan epo bẹntiróòlù tó tún fò sókè, gbogbo ìgbà yẹn omi ń dà ṣàà. Tó bá yá wọ́n á gbé báàgì yípo fún owó diesel tá a fi ń fa omi mọ́ṣáláṣí, gbogbo wa á wá máa wo ilẹ̀.

Àwa tá a ń gbé Abuja yìí, pàápàá àwọn tí omi ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ wọn, bóòhóòlù là ń mu. Bóòhóòlù ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Bí omi bá ń dànù, iná ló ń dànù yẹn, ọjọ́ tí ò bá sí iná, diesel ni. Ẹni tó fi nǹkan dí táàpù tó ń kán ti fi iná pamọ́, bí kò tiẹ̀ fọwọ́ kan súìṣì kankan.

Ó kan iná fúnra ẹ̀ wàyí. Ní April 2024 ni wọ́n gbé yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní àwọn á máa fún ní iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lóòjọ́, láti naira 68 lọ sí 225, wọ́n padà já díẹ̀ sílẹ̀ àmọ́ kò kúrò lókè 200. Síbẹ̀ ẹ rìn káàkiri àdúgbò ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó rí gílóòbù yẹ́lò àtijọ́ tó ń tàn lójú oòrùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gílóòbù mẹ́rin, wáàtì 60 ìkọ̀ọ̀kan, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ fún wákàtí 12, bíi yúníìtì 86 lóṣù. Tá a bá fi naira 200 lásán ṣírò ẹ̀, ó ti lé ní naira 17,000. Ẹ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi LED wáàtì 9 rọ́pò, ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ni, yúníìtì 13 ló máa jẹ, naira 2,600. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, naira 14,000 ń lọ lóṣooṣù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti jókòó, owó yẹn sì tó ra ìrẹsì fún opó kan.

Ti Jímọ̀ gan-an ńkọ́? Lówùúrọ̀ òní nínú ilé yín, áyọ́ọ̀nù ìgbà mélòó lẹ tàn? Bàbá á lọ tiẹ̀ láago mẹ́jọ, wọ́n á pa á, ọmọ àgbà á tan án láago mẹ́wàá, ìyá á rántí híjáàbù nígbà tí wọ́n ti pe ìrun. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí áyọ́ọ̀nù bá tutù la óò tún máa gbóná ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo sì ń jẹ ju ọgọ́rùn-ún gílóòbù LED lọ. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ papọ̀ lálẹ́ Alámísì, kí ẹnì kan lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó fàwọn híjáàbù fúyẹ́fúyẹ́ sẹ́yìn, kó pa áyọ́ọ̀nù, kó fi ooru tó kù nínú ẹ̀ lọ̀ wọ́n. Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní tìyẹn, kí n má parọ́.

AC mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, àmọ́ mo máa sọ ọ́. A óò fi sí 18, a óò wá ṣílẹ̀kùn gbayawu kí ẹsẹ̀ àwọn tó wà níta lè ráàyè wọlé, oòrùn gbogbo ìlú là ń fẹ́ atẹ́gùn fún yẹn. Kó wà ní 25, kí fáànù òkè máa yí, kí wọ́n fọ nẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ torí eruku ọyẹ́ ọ̀dọ̀ wa yìí kì í ṣe eré. Kò sẹ́ni tó máa kú.

Ànábì wa ní ká má ṣe fi iná sílẹ̀ nínú ilé wa nígbà tá a bá fẹ́ sùn, Bukhari àti Muslim gbà á wá. Iná àtùpà ìgbà yẹn ló ń bá wí, kó má baà jó ilé mọ́ àwọn onílé lórí, mi ò ní fipá fà á dé ibi tí kò dé. Àmọ́ jẹ́nẹ́ ńkọ́? Ẹni tó gbé jẹ́nẹ́ sí kọ́rídọ̀, tó tilẹ̀kùn torí olè, tó sùn, gáàsì olóró inú èéfín ẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa odidi ìdílé lójú oorun, a sì ń gbọ́ ọ lọ́dọọdún. Ẹ gbé e jìnnà síta, kẹ́ ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó sùn. Kẹ́ ẹ rántí aládùúgbò tó ń fa èéfín yẹn símú láti ojú fèrèsé ẹ̀, Ànábì ti búra lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹni tí aládùúgbò ẹ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ aburú ẹ̀ kò tíì gbàgbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta o.

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ṣì ń fi èédú dáná, mi ò bá yín jà, gáàsì ti wọ́n. Àmọ́ èédú tá à ń rí tí wọ́n tò ní àpò àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tá a bá ń lọ sílé, igi ìpínlẹ̀ Niger àti Kogi ni, igi yẹn náà ló sì ń dá eruku àti ọ̀gbàrá dúró. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́ àná, á tètè jiná. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ̀wà tó bá kù díẹ̀ kó rọ̀, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ dé e pa, ooru inú ẹ̀ á parí iṣẹ́ yòókù.

Ẹni tó bá láyè, kó gbin igi. Àdíìsì Anas sọ pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi, tí èèyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ níbẹ̀, sàráà ló jẹ́ fún un. Dóńgóyárò tá a máa ń du ibòji ẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, láti India ni igi yẹn ti wá, ẹnì kan tá ò mọ orúkọ ẹ̀ ló gbìn ín, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà nínú sàréè báyìí, ó ń gba ẹ̀san ibòji ìdí wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra sólà, Ọlọ́hun bù sí i. Sólà ò sọ ìnákúnàá di halal o. Mo mọ ẹni tó ń fi tiẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún àga látàárọ̀, ó ní oòrùn ọ̀fẹ́ ni, bátìrì ti kú kó tó pé ọdún méjì, ó wá ń pè é ní àdánwò. Ẹ máa fi aṣọ tútù nu ojú páńẹ́ẹ̀lì sólà yẹn lásìkò ọyẹ́.

Ọlọ́hun á forí jì wá, á sì jẹ́ ká lè máa lo ìdẹ̀ra Ẹ̀ bó ṣe fẹ́. Nǹkan tó ṣẹ́ kù pọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nikáì àti ọ̀rá tá a fi ń di oúnjẹ lọ sílé níbẹ̀ nìkan gba Jímọ̀ ọ̀tọ̀. Wọ́n mú iná wá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eléyìí, mo sì ti tan pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí n tètè lọ pa á.