Bí a ṣe ń yọ́ Ti-13Nb-13Zr, irin tí wọ́n fi ń rọ́pò eegun

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn wa. Òṣogbo ni mo wà. Irin tí wọ́n lè fi rọ́pò eegun ìbàdí la fẹ́ yọ́ lónìí, àmọ́ kì í ṣe Ti-6Al-4V tó gbòde, ìyẹn titanium tí wọ́n pò mọ́ aluminium àti vanadium. Vanadium tó bá jáde lára ìyẹn lè ṣe ara ní jàǹbá, ó sì tún gan jù: nǹkan bíi 110 gigapascal (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe gan tó), nígbà tí eegun kò ju 10 sí 30 lọ. Irin tó gan báyẹn á dá ẹrù gbé, eegun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á di ọ̀lẹ, á sì máa rù. Tiwa á wà ní nǹkan bíi 80.

Ẹ wojú òṣùwọ̀n. Gíráàmù 50 ni àpapọ̀: titanium 37, niobium 6.5, zirconium 6.5. Ẹ fi acetone fọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fọwọ́ lásán kàn wọ́n mọ́.

Ẹ kó titanium àti zirconium sísàlẹ̀ àwo kópà inú ẹ̀rọ yìí, tó ń fi iná mànàmáná yọ́ irin, kí niobium wà lókè kí iná lè bà á tààrà. Titanium ń yọ́ ní 1,668°C. Niobium ò ní dá yín lóhùn títí dé 2,477.

Ẹ ṣí omi tó ń mú àwo náà tutù kí ẹ tó tanná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwo kópà á yọ́ mọ́ iṣẹ́ yín. Táńkì tó kún ni mo gbójú lé ní tèmi, kì í ṣe páìpù ìgboro.

Ibí gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde, ẹ rọ argon, gáàsì tí kì í bá irin pò, sí i, ẹ tún fà á, ó di ìgbà mẹ́ta. Ẹ má tíì kan iṣẹ́ yín o! Èérún titanium tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ́. Titanium gbígbóná kì í yó oxygen. Èyí tó bá ṣẹ́kù, òun ni yóò gbé e mì. Tó bá tutù, ẹ yọjú wò ó láti ojú gíláàsì. Bó bá funfun tó ń dán, ó yá. Bó bá rí rúsúrúsú tàbí tó búlúù, ibì kan ń jò. Ẹ dúró, ẹ wá a rí, torí oxygen tó bá wọnú irin yìí kò ṣeé lé jáde nínú ẹ̀rọ yìí mọ́, irin náà á wulẹ̀ máa kán ni.

Wàyí, ẹ yọ́ ọ, ẹ yí i padà, ẹ tún un yọ́, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ gé e sí méjì, ẹ fi sáńpépà dán ojú rẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ microscope. Bí ẹ bá rí kókó kan tó dá yàtọ̀, niobium tí kò yọ́ ni. Ẹ padà sídìí iná.

Èyí tó bá mọ́ ló ń lọ sínú omi oníyọ̀ tó jọ ti ara, ní 37°C, ká wò bóyá yóò jẹrà. Kò tíì kan ara èèyàn o. Àwọn ìdánwò ISO 10993, ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń wò bóyá ohun tí a fẹ́ fi sínú ara máa ṣe ara ní jàǹbá, ṣì wà níwájú.